Obìnrin Tó Tọ́ Kírúsì

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń mú, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti wọlé fún táàmù kejì, Kírúsì ọba Páṣíà a máa dé sí ilé Moṣọpẹ́ ní Adéwọlé. Ọkọ rẹ̀ ló ń mú un wá. Láníyọnu Oyèkúnlé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé girama kan nílùú Ìlọrin, kò sì sí ìtàn tó fẹ́ràn tó ti ọba yìí. Kì í sọ ọ́ fún kíláàsì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé. Á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá, á sì bẹ̀rẹ̀. Moṣọpẹ́ á máa rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ, á máa gbọ́.

Ìtàn náà kì í yí padà. Ọba Mídíà lálàá pé igi àjàrà kan hù lára ọmọbìnrin òun, ó sì tàn títí ó fi bo gbogbo ilẹ̀ Éṣíà. Àwọn tó ń túmọ̀ àlá sọ fún un pé ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ máa bí ni yóò gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, ọba pe ìjòyè rẹ̀ kan, ó ní kó lọ pa á. Ọwọ́ ìjòyè kò gbé e láti pa ọmọ ọwọ́. Ó gbé e fún darandaran kan pé kó lọ gbé e jù sórí òkè níbi tí ẹranko búburú wà. Darandaran gbé ọmọ délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí òkú ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin náà wo ọmọ tirẹ̀ tí kò mí, ó wo ọmọ ọba tó ń ké nínú aṣọ àrán, ó wá ní kí ọkọ òun gbé òkú lọ sórí òkè, kó sì gbé alààyè fún òun.

Tíṣà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ogun ló ń yá a lára láti dé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni máṣíìnì Moṣọpẹ́ máa ń dákẹ́.

Ó nídìí. Ní àsìkò òjò ọdún 1979, Moṣọpẹ́ bí ọmọ kan ní ọsibítù, ọmọ náà kò sì ké. Ó ti sin ọmọ kan ṣáájú ìyẹn nílùú Ìkìrun, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, kí ìjọba tó gbé Tíṣà wá sí Ìlọrin. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, obìnrin kékeré kan láti Bùdó Ìrókò bí ọmọbìnrin ní ìdájí, ó sì kú kí oòrùn tó mú. Bẹ̀llò, ọkọ obìnrin náà, àgbẹ̀ ni. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de nǹkan, kò sì mọ ohun tó ń dúró dè. Ọmọ náà ń ké. Ọmú Moṣọpẹ́ ti kún, ó ti rin bùbá rẹ̀ láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́, nọ́ọ̀sì sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Bẹ̀llò yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó yí ojú padà síta, ó sunkún.

Kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, ó wá bá tọkọtaya náà.

"Ìyá mi ti dàgbà," ó ní. "Kò sí obìnrin tó ní omi ọmú lọ́dọ̀ wa nílé báyìí. Ẹ bá mi tọ́ ọ. Kàdíját ni orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, Tíṣà, ẹ jẹ́ kó ké kéú."

Tíṣà ní òun gbà, Tíṣà kì í sì í gba nǹkan kó má ṣe é. Bí ọmọ ti tó gbé wàláà, ó ń gbé e sẹ́yìn alùpùpù lọ sí ilé kéú lẹ́bàá Ọjà-Ọba nírọ̀lẹ́, òun tó jẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á jókòó sórí alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ igi, á máa máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí àwọn ọmọ á fi jáde. Nígbà ààwẹ̀, Moṣọpẹ́ ló ń dìde se sàárì fún Kàdíját. Á bu oúnjẹ díẹ̀ sí abọ́ tirẹ̀ náà, kí ọmọ má baà dá jẹun. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ náà, á ní, "Ọmọ mi ni. Mùsùlùmí ni," lóhùn kan náà tí ẹlòmíràn á fi sọ pé ọmọ òun ga.

Bẹ̀llò ń wá lọ́dọọdún bí wọ́n bá ti wa iṣu tán. Á gbé iṣu wá, á gbé ẹ̀wà wá, á mu omi, á ṣe àdúà fún ilé, á sì máa lọ. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ti ní ọmọ mìíràn. "Ìyá Kàdíját" ló ń pe Moṣọpẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ó ń jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ náà nígbà gbogbo. Ìyá náà, Hàlímọ̀tù, ń fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ wá kí òun rí i. Moṣọpẹ́ mú un lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà Iléyá, ọmọ náà kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ibà sì dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n padà délé. Láti ìgbà náà, Moṣọpẹ́ kì í ṣaláìní ìdí kan. Òjò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọyẹ́ le. Ìdánwò ti sún mọ́. Bẹ̀llò á ní kò burú, á máa lọ. Ìdí gan-an wà nínú Moṣọpẹ́, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún Tíṣà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọmọ náà bá lọ, kò ní padà.

Tíṣà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Kírúsì. Á sọ ìjókòó kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì di orílẹ̀-èdè. Àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni Mídíà, àárín ni Lídíà, ẹ̀yìn ni Bábílónì, níbi tí àwọn aláriwo máa ń wà. Á yan ọmọ kan ní Kírúsì. Kírúsì á máa béèrè ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n ti kọ́. Orílẹ̀-èdè tí kò bá lè dáhùn, ó ti ṣẹ́gun rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹni tí òun ṣẹ́gun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mú olórí wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ kó máa gbà á nímọ̀ràn, nítorí bí Kírúsì ti ṣe fún ọba Lídíà olówó nìyẹn. Wọ́n ti to igi ìdáná láti sun ọba náà láàyè, Kírúsì ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rẹ́.

Kàdíját kò tíì dé ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó gbé e lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò nínú ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní òdìkejì títì. Níbẹ̀, òun ni Kírúsì lójoojúmọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1990, Bẹ̀llò dé ní ọ̀sán. Moṣọpẹ́ jáde láti ràn án lọ́wọ́ gbé iṣu, ó bá a tó dúró lójú títì, ẹrù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wo ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí náà. Kàdíját jókòó sórí bíríkì, ó fi ìborùn Moṣọpẹ́ wé orí.

"Jídé, Lídíà ti ṣubú," ó ń wí fún ọmọ aládùúgbò wọn kan. "Wá jókòó síbí kó o máa gbà mí nímọ̀ràn."

"Mi ò wá," Jídé dáhùn. "Ìwọ nìkan lo máa ń jẹ ọba."

"Ṣé o mọ ohun tó lé àwọn ẹṣin yín sá lójú ogun?"

Jídé ronú. "Ìbọn."

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ràkúnmí ni," ni Kàdíját wí. "Kírúsì kó ràkúnmí síwájú ogun. Ẹṣin kò fẹ́ràn òórùn ràkúnmí rárá. Tẹniọlá, má rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Jídé, jókòó." Ó na ìka méjì sókè, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Jídé lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kùn.

Bẹ̀llò sọ ẹrù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá Kàdíját," ó ní, "ẹ wo ìka yẹn. Ìyá mi nìyẹn. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ilé wa nìyẹn. Kò ní pariwo, á kàn na ìka méjì, àgbàlagbà á sì jókòó. Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ," Moṣọpẹ́ dáhùn. Ó mọ ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nínú ìtàn ọkọ rẹ̀, ọmọ darandaran pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ abúlé fi jẹ ọba nínú eré, ó sì pàṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹjọ́ fi dé ààfin. Ọba Mídíà wo ojú ọmọ náà, ó gbọ́ bó ṣe ń fèsì, ó sì mọ̀ pé ọmọ darandaran kọ́ nìyí. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ obìnrin tó tọ́ ọ, wọ́n dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà ti ilé ìwé dé, Bẹ̀llò sọ ohun tó bá wá. Ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́ pátápátá lẹ́yìn òjò. Kì í jáde mọ́. Orúkọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ ló ń pè. Kì í ṣe kí wọ́n mú un wá kí i ló fẹ́ báyìí. Ó fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun títí Ọlọ́run á fi pe òun. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nítòsí, ààfáà wà.

"Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe," Bẹ̀llò ní. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lónìí yìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà lọ kí n má sọ ọ́ fún un. Síbẹ̀, mi ò wá gbà á. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ohun tí Ìyá Kàdíját bá sọ ni màá bá délé."

Moṣọpẹ́ dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tó mọ́. Tíṣà bá Bẹ̀llò sọ̀rọ̀ títí ìyẹn fi lọ sùn sílé ìbátan rẹ̀ kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba, kó tó wá bá a.

"Moṣọpẹ́."

"Ìtàn rẹ ló kó wa sínú èyí," ó dáhùn, kò wo ẹ̀yìn. "Ì bá sàn ká ní o kọ́ ọ ní ìtàn Ìjàpá bíi ti àwọn bàbá yòókù."

Tíṣà kò jiyàn. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan," ni Moṣọpẹ́ wí nígbà tó yá. "Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Obìnrin wo?"

"Ìyàwó darandaran. Láti ìgbà tí o ti ń sọ ìtàn yìí, bí wọ́n bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, o ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ a dàgbà, a kó ogun ja bàbá ìyá rẹ̀, a gba Mídíà, a gba Lídíà, a darí odò gba ibòmíràn, a fi ẹsẹ̀ rìn wọ Bábílónì. Obìnrin tó fún un lọ́mú dà? Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

Tíṣà gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àwọn tó kọ ìtàn ní, nígbà tí ọmọ náà délé àwọn òbí rẹ̀, wọ́n bi í bó ṣe yè. Ó sọ fún wọn. Gbogbo ohun tó ń sọ, obìnrin náà ni. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀."

Moṣọpẹ́ yíjú sí i.

"O ò sọ ìyẹn fún wa rí."

"Wọn kì í bi í ní ìdánwò," Tíṣà wí. Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́.

Moṣọpẹ́ padà sí abọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ohun tó ṣe é lóore ju ìyẹn lọ ni ìparí ìtàn náà. Kírúsì ti gba gbogbo ayé tán, ó wá la odò kan kọjá láti lọ bá ọbabìnrin kan jà. Ó fi ẹ̀tàn mú ọmọkùnrin ọbabìnrin náà. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ kó ogun. Ó ránṣẹ́ sí i pé, dá ọmọ mi padà fún mi, kí o sì máa lọ sílé rẹ ní àlàáfíà. Kírúsì kò dá a lóhùn. Ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú ìdè, ọbabìnrin sì pa Kírúsì lójú ogun. Moṣọpẹ́ a máa fi ṣe àwàdà pé obìnrin ló tọ́ ọ, obìnrin ló sì pa á, kí Tíṣà wá sọ ohun tí àwọn ọkùnrin ṣe láàárín.

Lọ́jọ́ náà, kò fi ṣe àwàdà. Obìnrin afọ́jú kan ní Bùdó Ìrókò ti ń ránṣẹ́ sí i láti ọdún pípẹ́. Òjò pọ̀, ọyẹ́ le, ìdánwò ti sún mọ́: ohun tó ti ń fi ránṣẹ́ padà nìyẹn. Ó rò ó títí omi inú báàfù fi tutù.

"Sọ fún Bẹ̀llò pé kó dúró di Sátidé," ó wí. "Màá rán aṣọ fún un."

Ó sì rán an. Ó rán ìró àti bùbá, ó rán aṣọ ilé ìwé méjì, ó fi àyè sílẹ̀ létí wọn kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ga. Ó kó abọ́ tí Kàdíját fi ń jẹun, ife rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti já, wàláà rẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀, àti ọmọláńgidi tí kò fi ṣeré mọ́. Tíṣà ní ẹrù ti pọ̀ jù, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tó bá wá lo ọlidé.

"Nígbà tí Kírúsì ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa lọ sílé," Moṣọpẹ́ bi í léèrè, "ṣé ó mú nínú àwo tẹ́ńpìlì wọn?"

"Kò mú nǹkan kan."

"Ṣé o rí i. Bá mi di okùn yìí."

Kàdíját jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó ti béèrè bí ibẹ̀ ti rí, ó ti béèrè bóyá Jídé lè wá kí òun. Ní ìkẹyìn, ó béèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n ti ṣẹ́gun wa ni?"

Moṣọpẹ́ jókòó tì í. "Kò sẹ́ni tó bá wa jà. Ìyá bàbá ẹ ò ríran mọ́, ó fẹ́ máa gbọ́ ohùn ẹ. Òun ló ni ìka méjì tí ò ń nà kiri yẹn. O ò fẹ́ lọ wo bí ẹni tó ni ín ṣe ń nà án?"

Ọmọ náà wo ìka rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ò ní sunkún?"

"Màá sunkún díẹ̀," ni Moṣọpẹ́ wí. "Lẹ́yìn náà màá rán aṣọ àwọn oníbàárà. Wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé Bẹ̀llò àti ọmọ gbéra, ó wọlé lọ, ó sunkún, ju bó ṣe sọ lọ, lẹ́yìn náà ó jókòó sídìí máṣíìnì. Ilé náà wá pa rọ́rọ́. Ní táàmù yẹn, Tíṣà kò sọ ìtàn Kírúsì nílé. Moṣọpẹ́ ń gbé abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì, á dá ọ̀kan padà. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ojú rẹ̀ là ní àkókò sàárì láìsí ẹni tó jí i, ó dìde, ó gbé omi kaná, ó mu tíì nìkan. Kò gbọ́ ìròyìn kankan àfi pé ọmọ délé láyọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọdé tètè máa ń gbàgbé, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kó lè rọrùn fún un.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tún rí Bẹ̀llò. Ó lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà-Ọba, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ké láàárín èrò pé, "Ìyá Kàdíját! Ìyá Kàdíját!" Ó yíjú kíákíá, ó rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n Bẹ̀llò ń rẹ́rìn-ín.

"Ilé yín ni mò ń lọ. Ẹ wá gbà wá lọ́wọ́ ọmọ yín," ó ní, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀ ẹni tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. "Ó ti dá wa lágara."

"Kí ló ṣe? Ṣé kò gbọ́ràn ni?"

"Ó gbọ́ràn. Mọ́mì ni kò jẹ́ ká sinmi. Ìyàwó mi ro ọkà, Kàdíját ní Mọ́mì kì í jẹ́ kó ní kókó. Wọ́n sá aṣọ, Mọ́mì máa ń yí i padà kí àwọ̀ má baà ṣí. Àwọn ọmọ ń jà, Mọ́mì ní ẹni tó bá borí ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi kọ́kọ́ bínú. Ó ní, 'Ta ni Mọ́mì yìí? Ṣé inú ilé tèmi náà ló ń gbé ni?' Ó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ní, 'Kàdíját, Mọ́mì rẹ ńkọ́, kí ló ṣe nígbà náà?' Ọmọ á jókòó tì í, á máa sọ. Kò sí ohun tí a ò mọ̀ mọ́ nínú ilé yín. A mọ̀ pé Tíṣà máa ń sùn sídìí rédíò."

Ọlọ́jà tó ń ta bọ́tìnnì bú sẹ́rìn-ín. Moṣọpẹ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló ń bọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo bọ́tìnnì bí ẹni tó ń yan àwọ̀. *Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.* Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́ mọ́.

"Ìyá mi ló rán mi," Bẹ̀llò ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Ọmọ ti fẹ́ parí Àlùkùránì. Ààfáà wa ní ohun tó ti kọ́ nílùú ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwọ̀nba ló kù fún òun. A máa ṣe wòlímọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ìyá mi ní a ò ní ṣe é láìsí yín."

Moṣọpẹ́ yà sí ìsọ̀ aláṣọ kan, ó béèrè aṣọ funfun. Ó ní kó jẹ́ èyí tó dára jù.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, òun àti Tíṣà dé Bùdó Ìrókò ní kùtù. Kàdíját ti ga. Aṣọ funfun tó rán, tó ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, bá a mu nítorí pé ó ti fojú dá a pé yóò ga tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ náà, wọ́n mú un wọ yàrá kan tí Hàlímọ̀tù jókòó sí lórí ẹní. Ìyá arúgbó náà na ọwọ́, ó fi wá ojú Moṣọpẹ́, ó wá èjìká rẹ̀, ó mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle.

"Ìwọ nìyí," ó ní.

"Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè mú un wá."

"Èmi náà kì bá tí mú un wá," Hàlímọ̀tù dáhùn. "Ṣé èyí tó o fi ń na ọmọ mi nìyí?"

"Ọ̀tún ni mo fi ń nà án, Mà."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ní ìta, àwọn ọmọ kéú ti tò, wọ́n ń kọrin. Ẹni tó ń ṣe wòlímọ̀ kì í rìn nínú oòrùn lásán. Ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé agboòrùn lé e lórí láti ẹnu ọ̀nà ilé dé iwájú ààfáà. Agboòrùn wà lọ́wọ́ ìyàwó Bẹ̀llò, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lami. Ó dúró, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀. Hàlímọ̀tù, tí wọ́n ti mú jáde sórí àga, na ìka méjì sí apá ibi tó ti ń gbọ́ ohùn Moṣọpẹ́. Lami rìn wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé agboòrùn náà fún un.

Ìkùnsínú díẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Moṣọpẹ́ gbọ́ ọ, ó sì ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá agboòrùn padà. Ààfáà gbójú sókè láti orí ẹní rẹ̀.

"Ọmú rẹ̀ ni ọmọ yìí mu," ó wí, bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. "Ẹni tó bá fún ọmọ lọ́mú, ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀sìn wa ti parí ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́tipẹ́. Ìyá Kàdíját, ẹ jẹ́ ká máa bọ̀, oòrùn ti ń mú."

Moṣọpẹ́ ṣí agboòrùn. Kàdíját bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wàláà wà láyà rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń sún mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń sọdá títì ní Post Office.

"Mọ́mì, ẹ gbé e sókè díẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo ti ga."

"Mo rí i," ni Moṣọpẹ́ dáhùn. Ó gbé e sókè díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.